Ìyàwó wà l'Óṣogbo, ìwé wà l'Óbot Idim: ta ni kí n kọ́kọ́ dá lóhùn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Oṣù kẹjọ rèé tí a ti ṣègbéyàwó. Mo wà ní ọdún kejì ní sẹ́mínárì Lútérà ní Obot Idim, lẹ́bàá Uyo. Ìyàwó mi ń ṣe tíṣà l'Óṣogbo, ó ń gbé yàrá kan àti pálọ̀ tí a háyà sí Òkè-Fíà. Bàbá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àbúrò mi méjì ṣì wà nílé ìwé. Gbogbo Sọ́ńdè ni ìyá mi ń béèrè oyún lọ́wọ́ ìyàwó mi, wọ́n sì ti ní àwọn máa mú un lọ sọ́dọ̀ wòlíì kan. Tí ìyàwó mi bá ráhùn, mo máa ń sọ fún un pé ìpè Ọlọ́run ló ṣáájú ohun gbogbo. Láti bí oṣù méjì, kì í ráhùn mọ́, ó kàn ń dákẹ́ ni. Ìwé ò wọ̀ mí lórí, àdúrà náà ò lọ. Báwo ni kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ìdákẹ́ yẹn ni ká kọ́kọ́ tọ́jú, torí ó léwu ju ìráhùn lọ. Obìnrin tó ń ráhùn ṣì gbà pé ọkọ òun lè gbọ́. Èyí tó ti dákẹ́ ti gbà pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni òun ń bá du ọkọ, ta ló sì fẹ́ bá Ọlọ́run wọ ìjàkadì? Gbólóhùn tí ò ń sọ fún un ló fà á. Gbólóhùn náà kò sì bá ẹ̀kọ́ ìjọ wa mu.

Ṣí Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ Augsburg ti ọdún 1530, ìwé tí àwa Lútérà gbé ẹ̀kọ́ wa kà, sí abala kẹrìnlá. Kò gùn rárá: kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ́ni ní gbangba nínú ìjọ, kó má sì pín sákírámẹ́ǹtì (ìrìbọmi àti Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa), àfi tí a bá pè é bó ti tọ́. Ìjọ ló ń pè. Ìpè yẹn ní ọjọ́, ó ní ìwé, ó sì ní àwọn èèyàn kan pàtó tí wọ́n rán olúwarẹ̀ sí. O kò tíì gba irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ iṣẹ́ náà wà lọ́kàn rẹ, ìjọ sì ti gbà kí o lọ kẹ́kọ̀ọ́. Méjèèjì dára, ṣùgbọ́n ìpè sí ipò àlùfáà kò tíì dé. Èyí tó ti dé, tí o ti jẹ́ níwájú pẹpẹ lójú ẹlẹ́rìí, ni ti ọkọ. Ti ọmọ ti wà láti ọjọ́ tí wọ́n bí ọ. Ti akẹ́kọ̀ọ́ ló wá tẹ̀ lé e, òun náà sì jẹ́ iṣẹ́ Ọlọ́run tí kò gba ìmẹ́lẹ́. Nítorí náà, nígbàkígbà tí o bá sọ fún ìyàwó rẹ pé ìpè Ọlọ́run ló ṣáájú, òun gan-an ni ìpè tí ò ń sọ.

Martin Luther tí ìjọ wa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ náà kọsẹ̀ níbẹ̀. Ní 1505 ó wọ ilé àwọn mọ́ńkì, àwọn ọkùnrin tó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn ò ní gbéyàwó nítorí ìsìn, ní Erfurt láìjẹ́ pé Hans, bàbá rẹ̀, fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó gbà nígbà náà pé ẹ̀jẹ́ ìsìn borí àṣẹ òbí. Nígbà tó kọ ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀jẹ́ àwọn mọ́ńkì ní 1521, bàbá yìí kan náà ló kọ lẹ́tà ìṣáájú ìwé náà sí, ó sì gbà pé òfin Ọlọ́run ni òun tẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tóun rò pé Ọlọ́run lòun ń sìn. Ní June 13, 1525, ó gbé Katharina von Bora níyàwó ní Wittenberg. Hans, àkọ́bí wọn, dé ní 1526. Elisabeth dé ní 1527, wọ́n sì sin ín ní 1528. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Katikísímù Kékeré, ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìgbàgbọ́ tí Luther kọ, jáde. Ilé tí ọmọ ti ń ké, tí ọ̀fọ̀ kò sì tíì jìnnà, ni wọ́n ti kọ ìwé tí ò ń kọ́ sórí lónìí. Wo ìtumọ̀ tó fún "oúnjẹ òòjọ́ wa" nínú Àdúrà Olúwa: oúnjẹ, aṣọ, bàtà, ilé, oko, owó, aya tàbí ọkọ tó bẹ̀rù Ọlọ́run, ọmọ rere, aládùúgbò tó ṣeé fọkàn tán. Ìyàwó rẹ wà nínú ohun tí o ń tọrọ ní gbogbo òwúrọ̀.

Pè é lálẹ́ òní, má fi WhatsApp kọ ọ́. Sọ pé: "Mo ti ń fi orúkọ Ọlọ́run pa ẹ́ lẹ́nu mọ́. Kò tọ́ bẹ́ẹ̀. Jọ̀ọ́, dárí jì mí." Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Má fi "ṣùgbọ́n" kankan tì í, má ṣàlàyé bí ìdánwò ṣe pọ̀ tó. Ó ṣeé ṣe kó má fèsì lọ́jọ́ náà, ó sì ṣeé ṣe kó sunkún tàbí kó bínú. Tó bá bínú, dúpẹ́. Ìráhùn ti padà dé nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, ó kan àkókò. Nínú 1 Kọ́ríńtì 7:5, Pọ́ọ̀lù gba tọkọtaya láàyè láti yàgò fún ara wọn nítorí àdúrà, ó sì fi ohun méjì dí i mọ́: kí àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lé e, kó sì ní ìgbà tó máa parí. Àdúrà pàápàá kò borí àdéhùn méjì yìí, áńbọ̀sì ìdánwò Gíríìkì. Nígbà tí ìdánwò bá ku oṣù kan àtààbọ̀, fi ètò ìdánwò ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, kí ẹ jọ pinnu ohun tó máa dín kù àti ohun tí kò gbọdọ̀ dín kù. Ohun tó ń dun ìyàwó jù nínú ìṣẹ́jú tó dín kù ni pé kò mọ ọjọ́ tó máa dópin.

Ohun tí kò gbọdọ̀ dín kù ni ìpè alẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó. Òun ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: àwọn ọmọ kíláàsì, lándílọ́ọ̀dù, iná tí wọ́n mú lọ. Ọ̀rọ̀ ẹbí àti owó kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹ fún wọn ní ọ̀sán Sátidé tiwọn. Tí ẹ bá kó ọ̀rọ̀ àbúrò àti oògùn bàbá sínú ìpè alẹ́, láìpẹ́ láìjìnnà ìyàwó á máa wo fóònù bí ẹni tó ń wo ìwé gbèsè.

Kí ẹ fi àdúrà alẹ́ inú Katikísímù parí rẹ̀. Ẹ ṣe àmì àgbélébùú, ẹ ka Ìgbàgbọ́ àti Àdúrà Olúwa, lẹ́yìn náà àdúrà kúkúrú tí Luther kọ: ìdúpẹ́ pé Ọlọ́run pa wá mọ́ lónìí, ẹ̀bẹ̀ fún ìdáríjì ibi tí a ti ṣẹ̀, ìfìlélọ́wọ́ ara, ọkàn àti ohun gbogbo, kí áńgẹ́lì mímọ́ Rẹ̀ wà pẹ̀lú wa kí ọ̀tá má bàa lágbára lórí wa. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Àṣẹ tó tẹ̀ lé e nínú ìwé náà ni pé kéèyàn lọ sùn kíá pẹ̀lú ayọ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ka àdúrà yẹn tán tí wọ́n á sì padà sídìí ìwé tàbí ìdààmú. Pa fóònù, kí o sùn. Tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá kọ̀, kí kálukú ka ọ̀rọ̀ kan náà níbi tó wà ní aago mẹ́sàn-án àbọ̀. Torí pé àdúrà náà ti wà ní kíkọ, ẹ jọ gbà á náà nìyẹn.

Má máa ṣe wàásù fún un. Ohun tí o kọ́ ní kíláàsì lọ́sàn-án kì í ṣe ohun tí o máa fi tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe lálẹ́. Má sì gbé ọ̀rọ̀ oyún yín lọ síbi ìpàdé àdúrà àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kódà pẹ̀lú ọkàn rere. "Ẹ bá wa rántí ìdílé mi" ti tó. Àṣírí obìnrin tó bá ti wọ yàrá akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà kò ní pẹ́ dé etí ìjọ tí wọ́n máa rán yín sí lọ́la.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ló gba sùúrù jù. Òfin kẹrin ni ìbọ̀wọ̀ fún òbí nínú Katikísímù wa (àwọn Áńgílíkà àti Onítẹ̀bọmi máa ń kà á sí ìkarùn-ún, òfin kan náà ni), kò sì sí ibi tó ti sọ pé ó parí lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Àmọ́ ìwọ ni òfin náà ní kó gbọ́ ìyá rẹ kó sì dá wọn lóhùn. Tí o bá fi ìyàwó síwájú láti dáhùn, ohunkóhun tó bá ṣe ló máa di ẹ̀sùn: tó bá dákẹ́, ó ń gbéra ga, tó bá ṣàlàyé, ó ń fèsì fún àgbà.

Kí o tó lọ bá wọn, ka oṣù náà bó ti yẹ. Oṣù mẹ́jọ ni ìgbéyàwó, àmọ́ oṣù mélòó lẹ fi wà lábẹ́ òrùlé kan náà ní ọjọ́ tí oyún lè dúró? Tí nǹkan oṣù bá ń yí ní ọjọ́ 28, ẹyin máa ń jáde ní nǹkan bí ọjọ́ kẹrìnlá, tí a bá ka ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ yọ sí ọjọ́ kìíní. Ọjọ́ márùn-ún tó ṣáájú rẹ̀ àti ọjọ́ náà gan-an ni àǹfààní wà: ọjọ́ kẹsàn-án sí ìkẹrìnlá. Tó bá jẹ́ ọjọ́ 32 ló ń yí, ẹ sún un sí ọjọ́ kẹtàlá sí ìkejìdínlógún. Kí ìyàwó rẹ máa sàmì sí ọjọ́ àkọ́kọ́ lórí kàlẹ́ńdà, kó sì fi ránṣẹ́ sí ọ. Láti Uyo gba Aba, Onitsha, Benin, Àkúrẹ́ àti Iléṣà dé Òṣogbo, odidi ọjọ́ kan ni, ó sì yẹ kéèyàn jáde ní ìdájí kí ilẹ̀ má bàa ṣú sójú títì. Tí o bá rìn ìrìn yẹn tí o dé ní ọjọ́ kẹtàlélógún, tí o sì padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, inú ìyàwó rẹ á dùn, ṣùgbọ́n oṣù náà kò sí nínú ìṣirò oyún. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí kàlẹ́ńdà yẹn pinnu ọ̀sẹ̀ tí o máa wálé.

Àwọn dókítà kì í sábà bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò fún obìnrin tí kò tíì pé 35 àfi tí tọkọtaya bá ti jọ ń gbé fún oṣù 12, tí wọ́n sì ń bá ara wọn sùn ní ọjọ́ méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta. Tó bá ti pé 35, oṣù mẹ́fà ni. Tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò bá bójú mu, tàbí tó ń dùn ún ju bó ṣe yẹ, kó má dúró. Tó bá di àyẹ̀wò, kí ẹ̀yin méjèèjì lọ pọ̀. Àyẹ̀wò àtọ̀ rẹ kò gbówó lórí bíi ti obìnrin, kò sì dunni. Ohun tó gbà ni kí o ti yẹra fún ìbálòpọ̀ fún ọjọ́ méjì sí méje ṣáájú. Ilé ìwòsàn ńlá ti UNIOSUN wà nílùú, kò pọn dandan kẹ́ ẹ lọ Ìbàdàn. Láti ìsinsìnyí, kí ìyàwó rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lo folic acid, 0.4 mg lójúmọ́. Èyí tó wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì jẹ́ 5 mg, nítorí náà kó béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tàbí olóògùn kó tó rà.

Nígbà tí ìṣirò bá ti wà lọ́wọ́ rẹ, bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀ lójúkojú nígbà tí o bá wálé, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ báyìí tó: "Ìyá mi, ẹ ṣeun tí ẹ ń bá wa gbàdúrà. Èmi ni mi ò sí nílé, kì í ṣe ẹ̀bi ìyàwó yín. Ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ mi ni kẹ́ ẹ ti máa béèrè ọ̀rọ̀ oyún láti òní lọ. Ẹ má sì mú un lọ síbi àdúrà kankan tí èmi ò bá sí níbẹ̀." Tí ìbínú bá bẹ́ sílẹ̀, wá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tàbí àgbà mìíràn tí wọ́n ń gbọ́ tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí ni, bó ṣe wọ́pọ̀ nínú ẹbí l'Óṣogbo. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ní ti wòlíì, má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gàn. Ìyá rẹ ń bẹ̀rù, ibi tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n sáré lọ. Àdúrà kọ́ ló ń ṣeni ní ibi. Ìpalára ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wòlíì bá sọ pé oyún ò ní dúró àfi tí a bá wẹ̀ lódò kan, tí a gbààwẹ̀ iye ọjọ́ kan, tàbí tó bá dárúkọ ọ̀tá. Ọ̀tá tí wọ́n ń dárúkọ kì í jìnnà: ìyá ìyàwó ni, tàbí àǹtí rẹ̀. Ẹbí méjì lè fi ọdún mẹ́wàá má bá ara wọn sọ̀rọ̀ nítorí gbólóhùn kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀. Ìgbàgbọ́ wa ni pé Ọlọ́run so ara Rẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ Rẹ̀, ìrìbọmi àti Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ibẹ̀ ni ẹ̀rí ojúrere Rẹ̀ sí ìyàwó rẹ wà, oyún wà o, oyún kò sí o. Sọ èyí fún ìyàwó rẹ gbangba, torí ó ṣeé ṣe kó ti máa rò pé Ọlọ́run ń bínú sí òun. Sì bẹ pásítọ̀ kan tí ìyá rẹ bọ̀wọ̀ fún kó wá gbàdúrà nínú ilé, pẹ̀lú ìyá rẹ àti ìyàwó rẹ lórí ìjókòó kan náà. Itan Hánà nínú 1 Sámúẹ́lì 1 yẹ níbẹ̀. Kíyè sí Élì: ó pe obìnrin tó ń sunkún ní ọ̀mùtí kó tó gbọ́ ẹnu rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àlùfáà gbọ́dọ̀ ka ibẹ̀ léraléra.

Owó wá kàn. O ò sọ iye tó ń wọlé, màá fi 120,000 náírà lóṣù ṣe àpẹẹrẹ, owó oṣù ìyàwó àti ohun tí ìjọ fi ń ràn ọ́ lọ́wọ́ ní àpapọ̀. Ká ní ilé yín jẹ́ 180,000 lọ́dún, 15,000 ni lóṣù. Ẹ máa yọ ọ́ sílẹ̀ lóṣooṣù, torí owó ilé tó dé lẹ́ẹ̀kan náà ló sábà máa ń lé ọkọ lọ yáwó ní ìkọ̀kọ̀. Oúnjẹ ìyàwó 40,000, ọkọ̀ rẹ̀ 15,000, dátà àti ìpè 6,000, owó ìrìnnà rẹ sílé 12,000, ọrẹ ìjọ 8,000. Ẹbí, 12,000. Ohun tó kù jẹ́ 12,000. Ẹ fi sí àkáǹtì pàjáwìrì tí ẹ̀yin méjèèjì mọ̀. Iye tiyín lè yàtọ̀. Ohun tí kò gbọdọ̀ yàtọ̀ ni pé kí owó ẹbí ní iye, kó ní ọjọ́, kó sì jẹ́ orúkọ ẹ̀yin méjèèjì ló ń lọ.

Má dín in sí òdo nítorí "iṣẹ́ Olúwa". Nínú Máàkù 7, Jésù bá àwọn tó ń pe ohun tó tọ́ sí òbí ní Kọ́bánì, ìyẹn ẹ̀bùn tí a ti yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run, wí. Àmọ́ tí ìpè bá wọlé pé owó ìwé àbúrò kù díẹ̀, tàbí pé àǹkóò ìnáwó ẹbí ti jáde, èsì kan ni kí o ní: "Ẹ jẹ́ kí èmi àti ìyàwó mi jíròrò, màá pè yín ní Sátidé." Ilé ìwòsàn nìkan ló lè gba èsì lójú ẹsẹ̀. Owó tí ọkọ fi ránṣẹ́ sílé láìsọ, ìyàwó máa ń gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tó gbà á.

Oògùn bàbá ni kó kọ́kọ́ jáde nínú 12,000 ti ẹbí yẹn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe èyí tí à ń lò kìkì nígbà tí orí bá ń fọ́ni. Ojoojúmọ́ ni, ara ì báà dá. Kí àbúrò rẹ tó wà nílé wọn ìfúnpá ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, lẹ́yìn tí bàbá bá ti jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó sì fi ránṣẹ́ sí ọ. Tó bá ń dúró lókè 140/90, kí wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà. Tó bá dé 180/120 tí àyà ń dun wọ́n, tí èémí kò délẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ tàbí tí ọwọ́ kan rọ, kí wọ́n gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tó pè ọ́. Ètò ìṣedúró ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà. Kí wọ́n lọ béèrè bí wọ́n ṣe lè forúkọ bàbá sílẹ̀. Tí o bá ti mọ iye ìfúnpá ọ̀sẹ̀ yìí, ọkàn rẹ kò ní máa já ní gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún nínú kíláàsì.

Fún ọkàn tìrẹ: ní 1539 Luther kọ ọ́ pé nǹkan mẹ́ta ló ń sọ èèyàn di onímọ̀ ẹ̀kọ́ Ọlọ́run: àdúrà, àṣàrò, àti ìdánwò (ti ìpọ́njú ọkàn, kì í ṣe ti ilé ìwé). Èyí tó kẹ́yìn lo wà nínú rẹ̀ yìí. Inú rẹ̀ ni wàá ti mọ ohun tí wàá sọ fún tọkọtaya tí kò tíì bímọ lọ́jọ́ iwájú, kò sì sí ìwé tó máa kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Lo ìjẹ́wọ́ ìdákọ́ńkọ́; àwa Lútérà kò fi sílẹ̀, ó wà nínú Katikísímù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí a máa sọ. Wá àlùfáà tí kì í ṣe òun ló ń máàkì ìdánwò rẹ, kí o lè sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù. Jẹ́wọ́ ohun tó wúwo, gbọ́ ìdáríjì láti ẹnu èèyàn, kí o sì gbà á bí ẹni pé Ọlọ́run ló sọ ọ́. Ní ọjọ́ tí ìwé kò bá wọlé rárá, fi ọwọ́ ṣiṣẹ́: ṣe àdàkọ ọ̀rọ̀-ìṣe Gíríìkì fún ìṣẹ́jú ogójì, fi ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ sílẹ̀ di òwúrọ̀.

Ohun kan kù tí kò yẹ kí o fi falẹ̀. Ọ̀pọ̀ sẹ́mínárì Lútérà máa ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ìjọ fún ìkọ́ṣẹ́ kó tó parí. Má dúró dìgbà tí wọ́n bá pín ibi iṣẹ́. Kọ lẹ́tà ojú ìwé kan sí ọ̀gá sẹ́mínárì, kí ìyàwó rẹ ka á kí o tó fi ránṣẹ́. Béèrè bóyá ilé wà fún tọkọtaya, bóyá wọ́n lè rán ọ síbi tó sún mọ́ Òṣogbo tàbí síbi tí ìyàwó lè bá ọ gbé, àti iye tí ìjọ tó gbà ọ́ máa san. Ní tirẹ̀, tó bá jẹ́ ìjọba ló gbà á síṣẹ́ tíṣà, kó kọ̀wé béèrè ìsinmi láìgbowó tàbí ìyípadà ibi iṣẹ́, kó sì gba ìdáhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀ kó tó di ẹrù rẹ̀.